Ìwé Àṣẹ Oníhùmọ̀: Ẹ̀kọ́ Láti Inú Ẹjọ́ Aago Ọwọ́ ní Amẹ́ríkà

Ẹ̀kọ́ tòní ṣàjèjì díẹ̀ sí irú èyí tí ẹ máa ń rí lójú ewé yìí, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù kà á, ẹ ó rí i pé kò jìnnà sí àpò yín. Ó dá lórí ìhùmọ̀. Bí ẹnì kan bá fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí, ta ni ó ni ín? Báwo ni yóò ṣe dáàbò bò ó? Kí ni yóò sì ṣe bí ẹni tó lówó jù ú lọ bá mú un lò?

Ohun tó mú mi kọ ọ́ ni ọ̀rọ̀ kan tó ṣẹlẹ̀ ní ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tí mo ń bẹ̀ wò. N kò ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, n kò sì ní dárúkọ ìlú. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ń tún rédíò àti tẹlifóònù ṣe. Ó rí bí àwọn ìyá wa tí ń ta àgbàdo ṣe ń pàdánù: wọ́n á ra àgbàdo tí wọ́n rò pé ó ti gbẹ, wọ́n á kó o pamọ́, kí oṣù méjì tó pé ó ti bu. Ó wá ṣe ohun èlò kan tó dà bí ọ̀pá kékeré, tí a lè tì bọ inú àpò, tí yóò sì dún bí àgbàdo inú rẹ̀ bá ti gbẹ tó. Kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ tí ń wọn ọ̀rinrin ọkà. Irú rẹ̀ ti pẹ́ láyé. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń lò ní ọjà wọn a máa ṣìnà bí eruku àti pàǹtí bá pọ̀ nínú àpò. Tirẹ̀ ń wo ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà, bí ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sì fẹnu kò, kò ní dún. Àrà tí ó dá nìyẹn.

Ẹgbẹ́ yá a lówó, ó ṣe mẹ́wàá, wọ́n sì gbé e lọ sí ìpàtẹ ọjà. Àwọn ènìyàn yìn ín, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Oníṣòwò kan tilẹ̀ ra méjì, ó sì bi í léèrè bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́, ọmọkùnrin wa sì ṣàlàyé títí ẹnu fi rẹ̀ ẹ́. Kò pé ọdún kan tí irú rẹ̀ gan-an fi kún ọjà. Àwọ̀ nìkan ni wọ́n yí padà, iye rẹ̀ sì kéré sí tiwa. Nígbà tí òun àti akọ̀wé ẹgbẹ́ dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni lọ́yà bi wọ́n: “Ìwé yín dà?”

Kò sí ìwé. Gbèsè ẹgbẹ́ wà nílẹ̀, ẹ̀rọ kún ọjà, ìwé kò sí.

Pẹ̀lú ìtìjú ni mo fi ń sọ èyí, nítorí èmi ni mo yẹ ìwé ìṣirò ẹgbẹ́ náà wò lọ́dún ọ̀hún. Mo rí “owó ẹ̀rọ àgbàdo” nínú rẹ̀, mo wo rìsíìtì, ó pé, mo fọwọ́ sí i, mo kọjá lọ. Kò wá sí mi lọ́kàn láti béèrè ẹni tó ni ẹ̀rọ.

KÍ NI PÁTÉNTÌ?

Ìwé tí lọ́yà ń béèrè ni à ń pè ní páténtì. Nígbà tí mo wà ní pólì, wọ́n kọ́ wa ní òfin okòwò, ṣùgbọ́n páténtì kò gbà ju ojú ewé méjì lọ nínú ìwé wa. Àdéhùn ni ó jẹ́ láàrin ìjọba àti oníhùmọ̀. Ìjọba wí pé: kọ àṣírí ohun tí o ṣe sílẹ̀ kedere, kí ẹni tó mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lè kà á kí ó sì lè ṣe é, àwa náà yóò fún ọ ní iye ọdún kan tí ẹnikẹ́ni kò fi ní ṣe é, tí kò ní tà á, tí kò sì ní kó o wọ orílẹ̀-èdè yìí láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ. Ní Nàìjíríà, ogún ọdún ni, láti ọjọ́ tí a fi ìwé náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Bí ogún ọdún bá pé, ó di ti gbogbo ayé.

Àwọn bàbá wa fi àṣírí dáàbò bo ọgbọ́n tiwọn. Ẹni tó mọ ewé kan kì í sọ ọ́ títí yóò fi kù díẹ̀ kí ó kú. Nígbà mìíràn ó sì ń gbé e wọ sàréè. Ọ̀nà ti páténtì yàtọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má rò pé bí ìwé bá ti wà lọ́wọ́, ìjà ti tán. Láti fi hàn yín bí ìjà náà ti ń rí, n ó mú yín lọ sí Amẹ́ríkà, sí ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Masimo àti ilé-iṣẹ́ Apple, èyí tí ń ṣe tẹlifóònù iPhone.

INÁ PUPA LÓRÍ ÌKA

Ẹ ó rántí ohun èlò kékeré tí nọ́ọ̀sì máa ń fi há aláìsàn lórí ìka, tí iná pupa máa ń tàn nínú rẹ̀. Nígbà àrùn Kòrónà ní ọdún 2020 àti 2021, ọ̀pọ̀ ilé ló rà á. Irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ tí ń ṣọ́ nǹkan kan, tí ó sì ń ròyìn rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní sẹ́ńsọ̀; ọ̀pá àgbàdo ti ọmọkùnrin wa, sẹ́ńsọ̀ ni òun náà. Èyí tí orí ìka ń tan ìmọ́lẹ̀ méjì gba inú ẹran ara kọjá, ọ̀kan pupa, èkejì irú èyí tí ojú ènìyàn kò lè rí. Ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn pọ̀ nínú rẹ̀ kì í gba ìmọ́lẹ̀ méjèèjì sára bákan náà pẹ̀lú èyí tí ọ́síjìn kò tó nínú rẹ̀. Láti inú ìyàtọ̀ yìí, pẹ̀lú bí ẹ̀jẹ̀ ti ń sọ lọ sọ bọ̀ nínú iṣan, ni ẹ̀rọ ti ń ṣírò iye ọ́síjìn tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ láìgún ènìyàn lábẹ́rẹ́.

Ọmọ ilẹ̀ Jàpáàn ni ó ronú kan èyí, Takuo Aoyagi, tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Nihon Kohden. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1974, ilé-iṣẹ́ náà fi ìwé páténtì sílẹ̀ ní Jàpáàn. Kò tíì pé oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ mìíràn, Minolta, tí a mọ̀ mọ kámẹ́rà, fi ìwé tirẹ̀ sílẹ̀ lórí ohun kan náà. Ní Jàpáàn, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló borí. Ṣùgbọ́n Nihon Kohden kò fi ìwé sílẹ̀ ní ìlú òkèèrè. Minolta fi sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì gbà á níbẹ̀. Ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ rò ó wò. Ẹni tó ni ọgbọ́n ní ilé kò ní nǹkan kan lẹ́yìn odi, nítorí páténtì kì í kọjá ààlà orílẹ̀-èdè tó fún ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa tí ń ná ọjà ẹnu ibodè yóò lóye èyí ju èmi lọ.

Sẹ́ńsọ̀ ti ìgbà náà ní àbùkù kan: bí aláìsàn bá mira, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ṣàn dáadáa dé ìka rẹ̀, ẹ̀rọ á máa wí ìwíkúwìí, á máa han gooro lásán, títí nọ́ọ̀sì kò fi ní kà á sí mọ́. Ọmọ jòjòló a sì máa mira. Ní 1989, Joe Kiani, ẹni tí a bí ní Ìráànì tí ó sì dàgbà sí Amẹ́ríkà, dá Masimo sílẹ̀ ní California láti yanjú èyí. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wá ìṣirò kan tí ń ya ohùn ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ariwo ìmira. Kì í ṣe àwọn ni wọ́n dá iná orí ìka sílẹ̀. Àrà tí wọ́n dá sí i ni wọ́n gba páténtì lé lórí. Ẹ fi èyí wé ti ọmọkùnrin wa.

ÈYÍ TÓ KAN ÀWA ALÁJẸṢẸ́KÙ

Kí a tó dé orí aago ọwọ́, ohun kan wà láàrin tí n kò lè fò dá, nítorí iṣẹ́ tiwa ni. Ohun èlò Masimo dára, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ní Amẹ́ríkà kò rà á. Kí ló fà á? Àwọn ilé ìwòsàn ibẹ̀ ti kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ arajàpọ̀. Novation àti Premier ni ó tóbi jù nínú wọn nígbà náà. Ríra ọjà pọ̀ dára, òun ni àwa náà fi ń ra ajílẹ̀ ní ẹ̀dínwó. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ àwọn ẹgbẹ́ arajàpọ̀ wọ̀nyí kò ti ọwọ́ ilé ìwòsàn tí ń rajà wá. Ọwọ́ àwọn tí ń tajà ni ó ti ń wá, òfin ibẹ̀ sì fàyè gbà á. Ilé-iṣẹ́ ńlá tó ti wà lọ́jà, Nellcor, ti bá wọn ṣe àdéhùn, ilé ìwòsàn tó bá rà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn sì lè pàdánù ẹ̀dínwó rẹ̀. Báyìí ni ìlẹ̀kùn ṣe tì. Ní 2002 ìwé ìròyìn New York Times tú u fó, Kiani sì lọ jẹ́rìí níwájú ìgbìmọ̀ Ilé Aṣòfin Àgbà lórí rẹ̀. Ní 2005 ilé-ẹjọ́ rí i pé díẹ̀ nínú àwọn àdéhùn náà rú òfin.

Nítorí náà ni mo fi máa ń bi àwọn ìgbìmọ̀ aṣàkóso léèrè bí mo bá dé: ta ló san owó ọkọ̀ tí ẹ fi lọ ra ajílẹ̀? Ta ló se àsè òpin ọdún? Bí ó bá jẹ́ ẹni tí ń ta ajílẹ̀ fún yín ni, ẹ jẹ́ kí n rí i nínú ìwé. Àwọn kan máa ń bínú sí mi. Kò burú.

Masimo pe Nellcor lẹ́jọ́ lórí páténtì pẹ̀lú. Ní 2004 ìgbìmọ̀ àwọn ará ìlú tí ń bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ dá Masimo láre, nígbà tó sì di 2006 wọ́n parí ìjà, Nellcor san owó tó ju 300 mílíọ̀nù dọ́là lọ. Ó tún bá Philips jà. 2016 ni wọ́n parí ìyẹn, wọ́n sì san 300 mílíọ̀nù. Ẹ wo iye ọdún tó gbà.

AAGO ỌWỌ́

Ní 2013 àwọn ènìyàn Apple àti àwọn ti Masimo jókòó pọ̀ láti sọ̀rọ̀ bóyá wọ́n lè jọ ṣiṣẹ́. Kò sí àdéhùn. Lẹ́yìn èyí Apple gba olórí àwọn dókítà Masimo sí iṣẹ́. Ní 2014 ó tún gba ọ̀gá onímọ̀-ẹ̀rọ kan láti ilé-iṣẹ́ tó jẹ́ ìbátan Masimo. Ní oṣù kẹsàn-án 2020, Apple gbé aago ọwọ́ jáde tí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn wà lẹ́yìn rẹ̀. Masimo ní: wọ́n kó òṣìṣẹ́ wa, wọ́n kó ọgbọ́n wa. Apple ní: irọ́ ni, iṣẹ́ ọwọ́ wa ni. Ọ̀rọ̀ bóyá wọ́n jí àṣírí kò lójú lọ́dún 2023, nítorí ìgbìmọ̀ agbẹ́jọ́ kò fohùn ṣọ̀kan. Ẹ kíyè sí i pé àṣírí ṣòro láti fi hàn ní kóòtù. Ìwé ló rọrùn díẹ̀.

Ọ̀nà tí Masimo gbà jà ní 2021 mú ọgbọ́n dání. Òkè òkun ni wọ́n ti ń to àwọn aago Apple pọ̀, wọn a sì kó wọn wọ Amẹ́ríkà. Masimo wá lọ sí àjọ ìjọba tí ń rí sí ọjà àtòkèèrèwá, tí wọ́n ń pè ní ITC, àjọ tó lágbára láti sọ pé kí ọjà má wọ̀lú mọ́. Ìwé páténtì 5 ni ó gbé síwájú wọn. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, 2 péré ni ó dúró. Ìyókù ṣubú lọ́nà kan tàbí òmíràn.

Kí ló dé tí ìwé tí ìjọba fúnra rẹ̀ fún ni fi lè ṣubú? Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ ṣàlàyé. Bí a bá ra ilẹ̀, a ń gbin pèrègún sí ààlà rẹ̀. Nínú ìwé páténtì pẹ̀lú, gbólóhùn kan wà lẹ́yìn tó dúró bíi pèrègún: ó wí pé láti ibí dé ibí ni tèmi. Bí o bá gbin pèrègún rẹ fẹ̀ jù, ó lè wọ inú oko ẹni tó ti wà níbẹ̀ kí o tó dé, wọn a sì hú u. Bí o bá gbìn ín súnmọ́ra jù, ọ̀tá rẹ á kọ́lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ gan-an, o kò sì ní rí nǹkan kan wí. Ọ̀pọ̀ páténtì Masimo ni Apple gbé lọ sí ọ́fíìsì páténtì láti sọ pé pèrègún wọn wọ ilẹ̀ àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì hú púpọ̀ nínú wọn.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni ọjọ́ orí ìwé 2 tó dúró. Ọdún 2021 ni ìjọba tó fi òǹtẹ̀ lù wọ́n, nígbà tí aago náà ti wà lọ́jà. Ṣùgbọ́n gbòǹgbò wọn wà nínú ìwé tí Masimo ti fi sílẹ̀ láti 2008, tó ṣàpèjúwe bí sẹ́ńsọ̀ yóò ṣe rí àti bí ojú rẹ̀ yóò ṣe yọ síta díẹ̀ kí ó lè fara mọ́ awọ ara. Apple bínú pé ẹ̀tàn ni èyí, pé ńṣe ni wọ́n lúgọ títí ọjà àwọn fi jáde kí wọ́n tó pọ́n idà. Èmi kò dá Apple lẹ́bi pé ó sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé 2008 wà níbẹ̀, ó ní ọjọ́ lórí, ọjọ́ náà ló sì gbè Masimo.

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá 2023, ITC pàṣẹ pé kí aago náà má wọ Amẹ́ríkà mọ́. Ààrẹ ní 60 ọjọ́ láti fagi lé e. Kò fagi lé e. Nígbà tí ọdún Kérésìmesì ku díẹ̀, tí ọjà ń tà bí nǹkan mìíràn, Apple kó irú méjì tó dára jù nínú aago rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Ilé-ẹjọ́ fún un ní ààyè díẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù kejìlá, ṣùgbọ́n ààyè náà parí ní oṣù kìíní 2024. Láti ọjọ́ 18 oṣù náà, Apple ń ta aago tí wọ́n ti pa sẹ́ńsọ̀ yẹn ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó rà á ní Lọ́ńdọ̀nù ń lò ó bó ti wù ú. Orílẹ̀-èdè kan, òfin kan.

Ní oṣù kẹjọ 2025 Apple wá ọgbọ́n mìíràn dá: sẹ́ńsọ̀ aago yóò ríran, ṣùgbọ́n inú tẹlifóònù ni ìṣirò yóò ti wáyé. Ó bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì pèrègún. Àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù gbà fún un, Masimo sì pe àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù náà lẹ́jọ́! Ní ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá 2025, ìgbìmọ̀ agbẹ́jọ́ ní California sọ pé kí Apple san 634 mílíọ̀nù dọ́là fún Masimo lórí páténtì mìíràn. Páténtì yẹn ti kú láti 2022, ṣùgbọ́n ohun tí a bá ṣe sí ilẹ̀ nígbà tí onílẹ̀ wà láàyè kò parẹ́ nítorí ó kú. Apple ní òun yóò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.

Kí ẹ má sì rò pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni idà náà mú. Apple náà pe Masimo lẹ́jọ́ ní Delaware pé aago tí Masimo ṣe jọ tòun. Ní oṣù kẹwàá 2024 wọ́n dá Apple láre, wọ́n sì ní kí Masimo san 250 dọ́là. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo rò pé wọ́n gbàgbé “mílíọ̀nù.” Wọn kò gbàgbé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, àwọn onípìn-ín Masimo, tí inú wọn kò dùn sí bí Kiani ṣe ń ná owó ilé-iṣẹ́, dìbò yọ ọ́ kúrò nínú ìgbìmọ̀ olùdarí, ó sì fi ipò sílẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Níbẹ̀, ẹni tí ìpín rẹ̀ pọ̀ ni ìbò rẹ̀ pọ̀. Ní tiwa, ọmọ ẹgbẹ́ kan, ìbò kan.

Ọ̀rọ̀ kan kí n tó kúrò lórí sẹ́ńsọ̀. Páténtì kò sọ pé ọjà dára. Ó kàn sọ ẹni tó ni ín ni. Ní 2020 àwọn dókítà ní Michigan tẹ ìwádìí jáde pé ohun èlò orí ìka ń ṣi àwọn aláwọ̀ dúdú kà ní ìlọ́po mẹ́ta bó ṣe ń ṣi àwọn aláwọ̀ funfun kà, tí á máa sọ pé ọ́síjìn wọn tó nígbà tí kò tó. Ẹ̀yin tí ẹ ní i nílé, bí èémí bá ń hán ènìyàn, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, ohun yòówù kí ẹ̀rọ wí.

NÍ ILÉ TIWA

Òfin tó wà fún èyí ní Nàìjíríà ti wà láti 1970. Abuja ni rẹ́jísírì wà, Ilé-ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ ni a sì ń gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé sílẹ̀ ni òfin kà sí oníhùmọ̀, kì í ṣe ẹni tó kọ́kọ́ rò ó. Ìhùmọ̀ náà gbọ́dọ̀ jẹ́ titun. Bí ayé bá ti mọ̀ ọ́n kí o tó fi ìwé sílẹ̀, ó ti bọ́. Ibí yìí ni ọmọkùnrin wa ti kọsẹ̀. Òfin fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó bá gbé ohun rẹ̀ lọ sí ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí ìjọba mọ̀ sí: oṣù 6 ni ó ní láti fi ìwé sílẹ̀. Tiwa kì í ṣe irú ìpàtẹ bẹ́ẹ̀, oṣù 6 sì ti kọjá.

Rẹ́jísírì Abuja kì í wádìí bóyá ohun rẹ jẹ́ titun lóòótọ́. Bí ìwé rẹ bá pé, wọn á fún ọ, ewu rẹ̀ sì wà lọ́rùn rẹ. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá gbé ọ lọ sí kóòtù ni ìwádìí tó bẹ̀rẹ̀. Owó ọdọọdún wà láti san. Bí o kò bá san án, tí oṣù 6 oore-ọ̀fẹ́ bá sì kọjá, ìwé náà kú. Akápò ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìnáwó ọdún gẹ́gẹ́ bó ṣe ń kọ owó ilé.

Ní ti òkèèrè, láàrin oṣù 12 tí o fi ìwé sílẹ̀ nílé, o lè fi í sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè mìíràn kí wọ́n sì ka ọjọ́ ti ilé sí i fún ọ. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò wà nínú àjọ tí ń jẹ́ OAPI, tí olú ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní Yaoundé. Ìwé kan ṣoṣo lọ́dọ̀ wọn ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè 17. Nàìjíríà kò sí nínú rẹ̀. Nítorí náà ìwé Abuja kò ní dá ẹnikẹ́ni dúró ní Kútọnu.

Ẹ̀yin aláró àti aláṣọ òkè, ti ìrísí ọjà wà fún yín lọ́tọ̀. Ọdún 5 ni ìwé rẹ̀, a sì lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, kí ó di 15. Ṣùgbọ́n àwòrán àdìrẹ tí ìyá ìyá yín ti ń ṣe kò lè di ti ẹnì kan, nítorí kò jẹ́ titun mọ́. Èyí tí ẹ fúnra yín dá lára ni.

Ohun tó dá ìjà sílẹ̀ jù nínú ẹgbẹ́ tí mo sọ kì í tilẹ̀ ṣe oníṣòwò yẹn. Láàrin ara wọn ni. Ọmọkùnrin náà ní ọgbọ́n orí òun ni. Àwọn kan ní owó ẹgbẹ́ ni. Òfin wí pé bí a bá gba ẹnì kan sí iṣẹ́, tàbí tí a gbéṣẹ́ fún un, tí ó sì ṣe ìhùmọ̀ nínú iṣẹ́ náà, ti ẹni tó gbéṣẹ́ ni, ṣùgbọ́n orúkọ oníhùmọ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ìwé. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yáwó lásán ni ẹgbẹ́ fún un, ọ̀rọ̀ yàtọ̀: gbèsè ni ó jẹ, ẹ̀rọ jẹ́ tirẹ̀. Èwo ni ó jẹ́ nínú méjèèjì? Mo ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Gbólóhùn kan ni mo bá níbẹ̀: “Ìpàdé fọwọ́ sí owó ẹ̀rọ àgbàdo, a sì gbàdúrà.” Ta ló lè fi èyí dájọ́? Ìjókòó mẹ́rin ni a fi parí rẹ̀: ọmọkùnrin náà yóò san ìdajì gbèsè díẹ̀díẹ̀, ẹgbẹ́ yóò fara mọ́ ìdajì. Obìnrin kan tí ń ta àgbàdo, tí owó tirẹ̀ wà nínú owó ọ̀hún, kò wá sí ìpàdé mọ́ láti ìgbà náà.

Ọmọkùnrin náà kò fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní oṣù tó kọjá ó wá sí ọ́fíìsì mi pẹ̀lú nǹkan kan nínú àpò ìrẹsì, ó ní ti kòkó ni èyí. Àlejò kan wà lọ́dọ̀ mi, inú rẹ̀ sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń tú okùn àpò. Mo ní kí ó ní sùúrù. Nígbà tí àlejò lọ, mo bi í: ọjọ́ wo lo bẹ̀rẹ̀? Ta ló ti rí i? Ṣé owó ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀? Kò dá mi lóhùn. Ìwé àjákọ ọmọ ilé-ìwé kan ni ó fà yọ, àwòrán wà nínú rẹ̀, ọjọ́ wà lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan, akápò ẹgbẹ́ sì ti fọwọ́ sí i lábẹ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìwé àdéhùn wà, ojú ewé kan, ìpín ẹgbẹ́ àti ìpín tirẹ̀.

Mo kọ orúkọ lọ́yà fún un. Mo ní àpò yẹn kò gbọdọ̀ kúrò lórí rẹ̀ títí Abuja yóò fi fún wa ní nọ́ńbà. Ó rẹ́rìn-ín, ó so okùn náà padà ní kókó méjì, ó gbé e há àárín ara rẹ̀ àti ọlọ́kadà, wọ́n sì lọ.